Báa ṣe ń mọ bí áápọ́ọ̀tì méjì ṣe jìnnà síra tó, àti iye wákàtí téèyàn máa lò kó tó débẹ̀

Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ ìlú méjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ ní kó sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, kíá ló máa kó kílómítà jáde fún yín, á sì fi wákàtí kan tì í lẹ́yìn. Kílómítà yẹn sábà máa ń tọ̀nà. Wákàtí yẹn lọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀ o, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sáìtì yìí, ńṣe ni wọ́n kàn fi iye eré tí bàálù ń sá pín kílómítà, ó tán, wọn ò wo atẹ́gùn, wọn ò wo ibi tí bàálù máa gbà, wọn ò wo aago ìlú tẹ́ ẹ ń lọ, wọn ò sì bi yín bóyá ẹ máa pààrọ̀ bàálù lọ́nà. Ẹni tó bá wá fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì kejì, tàbí tó fi sọ fún àwọn ará ilé ìgbà tí wọ́n máa wá pàdé ẹ̀, ó lè jẹ̀yà ẹ̀ gan-an. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà látòkèdélẹ̀ nìyẹn, kẹ́ ẹ lè máa ṣe é fúnra yín.

Johannesburg ní South Áfíríkà sí Sydney ní Ọsirélíà ni mo máa lò jù. Gbogbo ohun tó ń da ìṣirò yìí rú ló pé sójú ọ̀nà yẹn: ó jìn, òkun ló pọ̀ jù lábẹ́ ẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ le, aago ìlú méjèèjì ò sì sún mọ́ra rárá.

Kẹ́ ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ mọ áápọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ń sọ

Áápọ́ọ̀tì là ń wọn, a ò wọn ìlú. London nìkan ní Heathrow, Gatwick, Stansted, Luton, City àti Southend. Ní Tokyo, Haneda ò jìnnà sí àárín ìlú, àmọ́ Narita fi nǹkan bíi 60 kílómítà jìnnà síbẹ̀, ẹni tó bá balẹ̀ sí Narita tó sì ní bàálù míì tó máa wọ̀ ní Haneda, ìrìn àjò míì ṣì kù fún un lórí ilẹ̀ nìyẹn.

Orúkọ tún máa ń jọra. Birmingham kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn wà ní Alabama. San José kan wà ní Costa Rica, òmíràn wà ní California. Sydney tá a ń sọ yìí gan-an, òmíràn tó kéré wà ní Nova Scotia ní Kánádà. Ohun tó ń yọ èèyàn nínú irú wàhálà yìí ni kóòdù lẹ́tà mẹ́ta tí IATA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, fún áápọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Birmingham ti Gẹ̀ẹ́sì ni BHX, ti Alabama ni BHM; Sydney ti Ọsirélíà ni SYD, ti Kánádà ni YQY. Kóòdù yìí náà ló máa wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín àti lára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ báàgì, torí náà òun ni kẹ́ ẹ máa fi wá nǹkan, ẹ fi orúkọ ìlú sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin, bíi FAOR tàbí YSSY, ti ICAO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, nìyẹn, àwọn páílọ́ọ̀tì àtàwọn tó ń darí bàálù ló ń lò ó jù. Tiwa báyìí, JNB sí SYD.

Kílómítà

Ayé rí roboto, máàpù ló tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ sì ni ojú ti máa ń tan èèyàn. Ẹ mú bọ́ọ̀lù kan àti òwú, ẹ fi ìka tẹ òwú náà mọ́ ibi méjì lára bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ wá fà á kó le dáadáa. Ibi tí òwú yẹn gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ibi méjèèjì, great circle ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e sórí máàpù tó tẹ́, ńṣe ló máa dà bíi pé bàálù ń yípo kiri láìnídìí.

JNB wà ní bíi ìwọ̀n 26 sí gúúsù agbedeméjì ayé, SYD wà ní bíi ìwọ̀n 34 sí gúúsù. Ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà láàárín wọn lórí máàpù máa rò pé àárín 26 àti 34 yẹn ni bàálù máa wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Irọ́ ni. Ọ̀nà tó kúrú jù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bíi ìwọ̀n 51 ní gúúsù, lórí òkun tó tutù nini, kó tó tún gòkè wá sí Sydney. Ìlà rúlà yẹn máa jẹ́ nǹkan bíi 11,850 km, ti òwú máa jẹ́ bíi 11,025 km. Ó lé ní 800 km tí wọ́n fi gé e kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan gbáko lójú òfuurufú.

Báwo lẹ ṣe máa rí nọ́ńbà yẹn? Tẹ́ ò bá fẹ́ wàhálà, ẹ lọ sórí sáìtì Great Circle Mapper, ẹ kọ JNB-SYD, á ya ọ̀nà náà fún yín, á sì kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Lórí Google Maps nínú kọ̀ǹpútà náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì sórí áápọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ẹ mú ibi tí wọ́n kọ "Measure distance" sí, kẹ́ ẹ wá tẹ áápọ́ọ̀tì kejì. Ó ti mọ̀ pé ayé rí roboto, ẹ máa rí i pé ìlà tó fà tẹ̀.

Àmọ́ mo fẹ́ràn kéèyàn ṣe é lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú kakulétọ̀ tó ní sin àti cos, èyí tó wà nínú fóònù náà tó. Ẹ wá látítúùdì àti lọ́ńgítúùdì áápọ́ọ̀tì méjèèjì. Látítúùdì ni bí ibì kan ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Lọ́ńgítúùdì ni bó ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich tó, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn máa ń gba àmì ìyọkúrò. JNB jẹ́ −26.13 àti 28.24. SYD jẹ́ −33.95 àti 151.18.

Ẹ yọ lọ́ńgítúùdì kan kúrò nínú èkejì: 151.18 yọ 28.24, ó kù 122.94.

Ẹ fi sin látítúùdì àkọ́kọ́ sọ sin ìkejì di púpọ̀, ẹ máa rí 0.2460.

Ẹ fi cos látítúùdì àkọ́kọ́ sọ cos ìkejì di púpọ̀, kẹ́ ẹ tún fi cos 122.94 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí −0.4050.

Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó di −0.1590. Ẹ wá tẹ cos⁻¹ rẹ̀, á fún yín ní ìwọ̀n 99.15. Ìwọ̀n kan lórí ilẹ̀ ayé jẹ́ bíi 111.19 km, torí ká yí ayé po jẹ́ nǹkan bíi 40,030 km, ẹ fi 360 pín in. Nítorí náà 99.15 lọ́nà 111.19, bíi 11,025 km nìyẹn.

Ibi méjì lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọsẹ̀. Àkọ́kọ́, kakulétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní DEG, ìyẹn ìwọ̀n tá à ń lò yìí, tó bá wà ní RAD, tó jẹ́ ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà wọn igun, ìsọkúsọ ló máa sọ fún yín. Ìkejì, àmì ìyọkúrò yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ lórí Sydney nìkan, ẹ ti gbé Sydney lọ sí apá àríwá ayé nìyẹn, nọ́ńbà yín sì máa fò lọ sí bíi 14,500 km láìsí pé kakulétọ̀ pariwo. Ohun kan tẹ́ ẹ lè fi yẹ ara yín wò ni pé kò sí ibi méjì lórí ilẹ̀ ayé tó lè jìnnà síra ju nǹkan bíi 20,000 km lọ, torí ìdajì àyíká ayé nìyẹn. Tí ìdáhùn yín bá kọjá ẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé nọ́ńbà ti sáìtì kan fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ayé ò fi gbogbo ara rí roboto, ó wú díẹ̀ níbi agbedeméjì, àwọn ẹ̀rọ tó mọ èyí máa ń fi ohun tí ò tó ìdajì kílómítà nínú ọgọ́rùn-ún kílómítà yàtọ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni kílómítà àti máìlì. Máìlì ti orí ilẹ̀ jẹ́ 1.609 km, máìlì ti àwọn páílọ́ọ̀tì àtàwọn awakọ̀ ojú omi jẹ́ 1.852 km. Ọ̀nà wa kan náà yìí, 11,025 km, jẹ́ bíi 6,850 ní máìlì ilẹ̀, ó sì jẹ́ bíi 5,950 ní máìlì ti páílọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá rí 5,950 tó rò pé kílómítà ni, ó ti gé ìrìn àjò náà sí ìdajì.

Bàálù kì í tọ òwú yẹn gẹ́lẹ́

Nígbà tó bá gbéra, ó ní ibi tí wọ́n ní kó gbà kúrò nílùú, nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀ náà, ó ní bó ṣe máa yípo wọlé. Bàálù elẹ́ńjìnnì méjì tún ní òfin tiẹ̀, ETOPS ni wọ́n ń pè é: kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí áápọ́ọ̀tì tó lè sá lọ kọjá iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un, tó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì kan kú. Lójú ọ̀nà tí áápọ́ọ̀tì pọ̀ sí, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lórí òkun gúúsù yẹn, tí kò sí nǹkan kan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílómítà, ó lè sọ ibi tí bàálù máa gbà.

Èyí tó ń da nǹkan rú jù láyé ìsinsìnyí ni òfuurufú tí wọ́n tì pa. Ẹ wo Helsinki sí Tokyo, bíi 7,800 km ni lórí òwú. Nígbà tí Finnair, ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Finland, ń gba orí Rọ́ṣíà kọjá, ó máa ń gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti ti òfuurufú ẹ̀ mọ́ àwọn bàálù ilẹ̀ Yúróòpù, tí Yúróòpù náà sì ti tiwọn mọ́ ti Rọ́ṣíà, ọ̀nà kan náà ti di nǹkan bíi wákàtí 13, wọ́n lè gba òkè pátápátá nítòsí ìkángun àríwá ayé tàbí kí wọ́n gba gúúsù yípo. Helsinki ò kúrò níbi tó wà, Tokyo náà ò kúrò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba kílómítà gbọ́ tó bá kan wákàtí.

Fún ọ̀nà tí kò sí irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi 3 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ti JNB sí SYD á wá di bíi 11,350 km. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó dájú ju ìyẹn lọ, ẹ ṣí Flightradar24 tàbí FlightAware, ẹ tẹ nọ́ńbà fláìtì náà, ẹ wo ibi tó gbà lánàá àti ìjẹta, àti iye wákàtí tó lò. Ẹ má wo ọjọ́ kan ṣoṣo o, ẹ wo bíi ọ̀sẹ̀ kan.

Eré àti atẹ́gùn

Àwọn bàálù ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, bíi Boeing 787 àti Airbus A350, máa ń sá nǹkan bíi 900 km ní wákàtí kan tí wọ́n bá ti dókè. Àwọn kékeré bíi 737 àti A320 kì í sá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi wọ́n sí 830. Kò sẹ́ni tó ń sá 900 látorí ilẹ̀, kó tó gòkè ó ń rọra ni, ní ọ̀pọ̀ ibi òfin ò sì gbà kó kọjá 250 knots, ìyẹn bíi 460 km ní wákàtí kan, tí kò bá tíì dé 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè. Ẹ máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún ìṣirò yín torí ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀.

Láìsí atẹ́gùn, ọ̀nà wa máa jẹ́ 11,350 tá a fi 900 pín, wákàtí 12 àti bíi ìṣẹ́jú 37, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, ó di wákàtí 13 ó lé díẹ̀. Ẹ wá wo tíkẹ́ẹ̀tì. Johannesburg sí Sydney, bíi wákàtí 12 ni wọ́n ń kọ. Sydney sí Johannesburg, bíi 14. Ìṣirò wa ò bá ìkankan mu nínú méjèèjì!

Atẹ́gùn ló fà á. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí bàálù ń gbà, atẹ́gùn kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ní apá àríwá ayé àti ní apá gúúsù, wọ́n ń pè é ní jet stream. Ó máa ń le sí i nígbà òtútù, nígbà míì ó lè sá ju 300 km lọ ní wákàtí kan. Bàálù tó bá wọnú ẹ̀ tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń gbé e lọ. Lóṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì Ciara ń jà, British Airways kan kúrò ní JFK ní New York, ó dé Heathrow ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56, ọ̀nà tó sábà máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Téèyàn bá wọn ọ́n látorí ilẹ̀, ó ń sá ju 1,300 km lọ ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ṣe ju bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ lọ.

Ẹ padà sí tiwa. Tá a bá ní atẹ́gùn ti bàálù lẹ́yìn pẹ̀lú 100 km ní wákàtí kan, eré ẹ̀ lórí ilẹ̀ di 1,000, ó di wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 21, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí 12 ku díẹ̀. Ó bá tíkẹ́ẹ̀tì mu. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, àwọn tó ń ṣètò ọ̀nà máa ń sá fún atẹ́gùn yẹn bó bá ṣe ṣeé ṣe, nígbà míì bàálù máa sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù débi pé àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé máa rí yìnyín Antarctica, torí náà ẹ má fi 100 kọjú ìjà sí i, ẹ fi bíi 60. 900 yọ 60 jẹ́ 840, ó di wákàtí 13 ààbọ̀, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, 14 géérégé.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé nìyí: tí ọ̀nà bá jẹ́ ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kì í ṣe nọ́ńbà kan ni mo ń wá, méjì ni, àlọ àti àbọ̀. Tó bá jẹ́ àríwá sí gúúsù ni, bíi Yúróòpù sí South Áfíríkà, ìyàtọ̀ náà kì í tó nǹkan.

Ohun kan ṣì wà lára wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń kà á látìgbà tí bàálù bá kúrò ní géètì títí tó fi máa dúró sí géètì kejì, ìyẹn ni pé yíyí kiri lórí ilẹ̀ àti títò láti gbéra wà nínú ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù tún máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀ kí wọ́n má bàa pẹ́, torí bàálù tó bá fi ohun tí ò tó ìṣẹ́jú 15 pẹ́, ní Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ibi míì, wọn ò kà á sí èyí tó pẹ́. Nítorí náà tí tiyín bá fi ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 dín sí ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ṣe àṣìṣe.

Aago

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Gbogbo aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn ni. Ìgbà tẹ́ ẹ máa gbéra jẹ́ ti ìlú tẹ́ ẹ ti ń kúrò, ìgbà tẹ́ ẹ máa dé jẹ́ ti ìlú tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ má yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì tààrà láé. Ẹ kọ́kọ́ yí méjèèjì sí UTC, ìyẹn aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń ṣírò aago ìlú wọn.

Ká sọ pé oṣù Keje la wà. Johannesburg fi wákàtí 2 ṣáájú UTC, Sydney fi 10 ṣáájú. Bàálù gbéra ní JNB ní 18:00, ó balẹ̀ ní SYD ní 14:00 ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ máa ní wákàtí 20. Ẹ yí i: 18:00 ti JNB jẹ́ 16:00 UTC, 14:00 ti SYD jẹ́ 04:00 UTC. Láti 16:00 dé 04:00, wákàtí 12. Àbọ̀ ńkọ́? Ó kúrò ní SYD ní 10:00, ó dé JNB ní 16:00 lọ́jọ́ kan náà, ó dà bíi wákàtí 6. Ní UTC, ó kúrò ní 00:00, ó dé ní 14:00. Wákàtí 14 ni.

Tó bá wá jẹ́ oṣù Kìíní, aago Sydney ti yí padà, wọ́n ti tì í síwájú, ó ti di 11 ṣáájú UTC, torí náà bàálù 18:00 yẹn kan náà á dé ní 15:00. Láti Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá sí Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin ni Sydney ń ṣe èyí. South Áfíríkà ò ṣe é rárá. Yúróòpù ń ti tiwọn síwájú ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ ní Sunday kejì oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Ṣé ẹ rí i pé wọn ò ṣe é papọ̀? Nínú oṣù Kẹta, ìyàtọ̀ New York àti London máa ń di wákàtí 4 fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ dípò 5 tá a mọ̀. Ẹni tó bá ń lọ nírú àkókò yẹn, kó má lo ìyàtọ̀ tó ti há sórí, kó wò ó fún ọjọ́ tó ń lọ gan-an. Kì í sì í ṣe gbogbo ibi ló ń lo wákàtí gbáko, Íńdíà fi wákàtí 5 àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú UTC, Nepal fi 5 àti ìṣẹ́jú 45.

Tẹ́ ẹ bá sọdá ìlà ọjọ́ ní àárín òkun Pàsífíìkì, ó tún lè dà bíi pé ẹ dé kẹ́ ẹ tó gbéra. Bàálù kúrò ní Tokyo lọ́jọ́ Saturday ní 17:00, ó lo wákàtí 10, ó dé Los Angeles lọ́jọ́ Saturday kan náà ní 10:00 àárọ̀, tó bá jẹ́ ìgbà òtútù. Ẹ yí i sí UTC, ẹ máa rí i pé ó gún régé: 08:00 sí 18:00.

Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù

Bàálù tó ń lọ jìnnà jù lọ láìbalẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ déédéé ni ti Singapore Airlines láti Singapore sí JFK, 15,349 km, ó ń gbà tó wákàtí 18 ó lé. Tí kílómítà yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní rí èyí tó máa lọ tààrà, ẹ máa dúró níbì kan. London sí Sydney, bíi 17,000 km, wà nínú irú ẹ̀. Qantas ń múra láti máa fi A350-1000 lọ láìbalẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń lọ ṣì máa ń dúró lọ́nà.

Ibo ni kẹ́ ẹ ti dúró? Heathrow sí Singapore jẹ́ bíi 10,880 km, Singapore sí Sydney bíi 6,290, àpapọ̀ 17,170. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti òwú lọ. Tẹ́ ẹ bá gba Dubai, 5,500 àti 12,040, ó di 17,540. Tẹ́ ẹ bá gba Los Angeles, 8,760 àti 12,050, ó di 20,810, ẹ ti fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ṣòfò lójú òfuurufú nìkan. Amẹ́ríkà tún wá ní tiẹ̀: ẹni tó kàn ń kọjá lọ náà gbọ́dọ̀ wọlé sọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ ní físà tàbí ESTA, ìyẹn ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí kò nílò físà, kódà tí kò bá ní jáde nínú áápọ́ọ̀tì.

Mo máa ń bẹ àwọn èèyàn lórí eléyìí: ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé ó dín owó kù, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí kan ààbọ̀ sáàárín wọn. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé yín dópin, ilé iṣẹ́ bàálù ti wo iye ìṣẹ́jú tó kéré jù téèyàn fi lè pààrọ̀ bàálù níbẹ̀, báàgì yín sábà máa ń lọ tààrà, tí ti àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, àwọn ló máa gbé yín wọ òmíràn. Tó bá jẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò kan ilé iṣẹ́ bàálù kejì bóyá ẹ pẹ́. Ẹ máa jáde, ẹ máa gba báàgì, ẹ lè nílò físà ìlú yẹn, ẹ máa tún tò láti fi báàgì sílẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń ti ibẹ̀ pa ní wákàtí kan kí bàálù tó gbéra. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni mo máa fi sí irú ẹ̀, tó bá jẹ́ áápọ́ọ̀tì kan náà ni o.

Ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀

London sí Sydney lóṣù Kìíní, ẹ gba Singapore. 17,000 tá a fi 900 pín, bíi wákàtí 19 ni sáìtì máa sọ fún yín. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Bàálù gbéra ní Heathrow lálẹ́ Monday ní 21:00. Wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 15 dé Singapore, wákàtí 3 níbẹ̀, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45 dé Sydney. Wákàtí 24 nìyẹn láti géètì dé géètì. London wà lórí UTC lóṣù yẹn, ẹ dé ní 21:00 UTC ọjọ́ Tuesday, Sydney fi 11 ṣáájú, torí náà 08:00 àárọ̀ Wednesday ni. Ẹ máa rí "+2" kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ gbéra, ẹni tó bá fo èyí tó sì sanwó yàrá òtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ láti Tuesday, ó ti san owó alẹ́ kan dànù.

Ẹ tún fi ti orí ilẹ̀ kún un. Wákàtí 3 kí bàálù tó gbéra, wákàtí kan látilé dé áápọ́ọ̀tì, ẹ ti kúrò nílé ní 17:00 Monday. Ní Sydney, bíi wákàtí kan fún ìmígíréṣọ̀n àti báàgì, wákàtí kan míì lójú títì, ẹ wọlé ní 10:00 Wednesday, ìyẹn 23:00 UTC ọjọ́ Tuesday. Láti 17:00 Monday dé 23:00 Tuesday, wákàtí 30. Iye tẹ́ ẹ máa fi múra nìyẹn, bóyá oògùn lẹ ń lò ní wákàtí-wákàtí ni o, bóyá ọmọ kékeré lẹ gbé dání, bóyá iṣẹ́ ló ń dúró dè yín lọ́hùn-ún.

Ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín, ẹ má sọ aago nìkan fún un. Ẹ fún un ní nọ́ńbà fláìtì tó kẹ́yìn, kóòdù áápọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ máa balẹ̀ sí, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé níbi kàlẹ́ńdà ìlú tiẹ̀. Kó tẹ nọ́ńbà yẹn sórí fóònù ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó kúrò nílé, torí tí atẹ́gùn bá dáa, ẹ lè balẹ̀ ṣáájú ìgbà tí wọ́n kọ, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa dúró dè é.